Tírélà Tí Wọ́n Ń Wà Bí Ẹni Gbé Ẹyin

Kò sí awakọ̀ tírélà tó ń gba ọgbà àyẹ̀wò èéfín kọjá tí kò mọ Ìyá Èéfín. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ o. Ọmọge ni. Kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ló wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìyá ọ̀sán gangan. Òun ni í ti ọ̀pá irin gígùn bọ ihò sàlẹ́ńsà àwọn ọkọ̀ ńláńlá, tí yóò ní kí awakọ̀ fún un níná, ìyẹn kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìn bú, tí ẹ̀rọ yóò sì pọ ìwé pélébé kan jáde bí ẹni tó yọ ahọ́n síni. Bí nọ́ńbà orí ìwé ọ̀hún bá fi lé ní ogójì, ọkọ̀ ti já nìyẹn. Èéfín rẹ̀ dúdú ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ. Ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Awakọ̀ kan tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún un rí.

"Ẹ dìde, sà," ló wí fún un, "kí òróró ilẹ̀ yìí má ba ṣòkòtò yín jẹ́. Ìwé ò mọ ẹni tó kúnlẹ̀."

Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọge kì í ṣe ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó lè ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ kó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí à ń sọ yìí, bí tírélà aláwọ̀ ewé kan ti ń wọ́ bọ̀ lẹ́nu géètì, bí ìgbín tó ń lọ kí àna rẹ̀, àyà Ìyá Èéfín lù kì-kì-kì. Ó sáré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òróró kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òróró náà kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó bọ́ sí imú.

Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ó ga, ó dúdú, ojú rẹ̀ tutù bí omi àárọ̀, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń rẹ́rìn-ín kí èkejì tó gbọ́. Ìyẹ̀fun ló ń kó láti ilé ọlọ lọ fún àwọn oníbúrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ ló ni ọkọ̀. Òun nìkan sì ni ọkọ̀ tí ìyá náà ní láyé.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Lọ́jọ́ náà, tírélà aláwọ̀ ewé gba méjìdínláàádọ́ta, ó sì já. Nígbà tí wọ́n ṣí i wò, asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìn ti kún fún ìyẹ̀fun bámúbámú. Ẹ́ńjìn ò lè mí, ló fi ń tu èéfín. Nǹkan kékeré ni. Ìyá Èéfín wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ pààrọ̀ asẹ́ yìí o. Kí ẹ sì máa ṣe ọkọ̀ yín jẹ́jẹ́. Èéfín rẹ̀ ń gún mi láyà."

Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ọmọge yìí ò balẹ̀ rárá. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á mú, ó sì ń gbé e kiri láti ọjọ́ náà.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," ni Jẹ́jẹ́ wí láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Mo ti pààrọ̀ asẹ́. Tuntun ni. Ẹ ó rí i lónìí."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ó ti ọ̀pá bọ sàlẹ́ńsà, ó na ìka sókè. "Ẹ fún un níná!"

Háà! Èéfín tó jáde lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tó ń bínú. Ó dúdú, ó nípọn, ó gbá òrùlé ọgbà, ó sì tún padà wá kí gbogbo wọn nílẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà fẹ́ ojú. Wọ́n fún un níná lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ sì yọ ahọ́n. Mọ́kànlélọ́gọ́ta.

"Mọ́kàn-kí-ni?" ni Jẹ́jẹ́ bi í. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu rẹ̀ ti gbàgbé ẹ̀rín.

Kí ọmọge tó dáhùn, Bàbá Ìwé ti dé. Òun ni ọ̀gá ọgbà náà, bàbá tín-ín-rín kan tó so awò ojú mọ́ okùn lọ́rùn, tó sì fẹ́ràn fọ́ọ̀mù ju oúnjẹ lọ. Ó gba ìwé, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí," ló wí. "Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀ẹ̀kẹta, òun náà ló sì parí rẹ̀. Tó bá tún já, a ó tú nọ́ńbà rẹ̀. Ó di ọdún kan gbáko kó tó tún kan títì."

"Ọdún kan, sà? Kí ni màmá mi ó máa jẹ?"

"Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù," ni Bàbá Ìwé wí, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbá orí mú. Awakọ̀ onírùngbọ̀n kan tó wà lórí ìlà rọra sún mọ́ Ìyá Èéfín.

"Ìyá Èéfín wa," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́, "lọ́jọ́ Ajé, ẹ má ti ọ̀pá yẹn wọlé tán. Ẹ kàn jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó kí ará ilé. Afẹ́fẹ́ á lú èéfín, nọ́ńbà á wálẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi."

"Ṣebí ẹ̀yin nìkan ni?"

"Èmi nìkan ti pọ̀ jù. Ẹ lọ dúró sórí ìlà yín, bùrọ̀dá, kí n má lọ ti tiyín wọlé ju bó ṣe yẹ lọ."

Ó lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti fẹnu kan ibi tó dùn ún. Ó lọ dúró níwájú Jẹ́jẹ́. Nǹkan kan ò yé e. Asẹ́ tuntun, ẹ́ńjìn tó ń dún dáadáa, èéfín tó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báwo?

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ló wí. "Báwo lẹ ṣe ń wa ọkọ̀ yìí látọjọ́ yẹn?"

Ojú Jẹ́jẹ́ tàn díẹ̀. "Jẹ́jẹ́ ni, Àǹtí, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. N kì í jẹ́ kó pariwo. N kì í sáré kọjá ogójì, bí mo gun òkè, bí mo sọ̀kalẹ̀. Tí mo bá dúró gbé ẹrù, mo máa ń jẹ́ kó máa ṣe kùn-ùn-kùn-ùn síbẹ̀, kó má bàa pariwo tí mo bá tún fẹ́ ṣáná sí i. Àwọn èèyàn ń bú mi lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà kan fi kẹ̀kẹ́ kọjá lára mi, ó tún juwọ́ sí mi. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Jẹ́jẹ́ nìyẹn, orúkọ mi kọ́ tẹ́lẹ̀."

Ìyá Èéfín wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ọkọ̀ màmá mi ń kú lọ!"

"Ẹ má bínú. Èmi ni mo dá a sílẹ̀." Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ́ńjìn dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọmọ ìkókó. Tí kò bá gbóná dáadáa, epo tó ń mu kì í jó tán. Àjókù rẹ̀ á máa di ìyẹ̀fun dúdú, á máa lẹ̀ mọ́ inú sàlẹ́ńsà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi ń fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Bí mo ṣe ní kí ẹ fún un níná báyìí, gbogbo ohun tó ti ń gbé mì ló pọ̀ sí wa lára."

"Nítorí pé ẹ ní ó ń gún yín láyà ni," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó ń wo bàtà rẹ̀. "N ò fẹ́ kí ohunkóhun tó jẹ́ tèmi gún yín láyà."

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe inú ẹni. Bí ẹni pé wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síni lẹ́yìn ọrùn. Ìyá Èéfín dìde kánkán, ó gbọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò ní eruku.

"Ẹ ní ẹrù ọ̀nà jíjìn lọ́la?"

"Mo ní in. Ìrìn wákàtí méjì, òkè pọ̀ lójú ọ̀nà."

"Ó dáa. Ọ̀la kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi. Mò ń bá yín lọ. Tí ẹ́ńjìn bá gbóná dáadáa lórí òkè, yóò jó ìyẹ̀fun dúdú yẹn dànù."

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ara, Ìyá Èéfín ti wà lókè níwájú tírélà, ó de irun rẹ̀, ó wọ aṣọ tí kò ní òróró kankan. Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo ọ̀nà, ó tún wò ó. Ogójì ló ń sá. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lára wọn. Ọkọ̀ agbépo kan kọjá, ó sì fọn fèrè sí wọn.

"Fún un níná," ni Ìyá Èéfín wí. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ: "ẹ" ti fò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láìtọrọ ààyè.

Jẹ́jẹ́ náà gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ pọ́n. "Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ lọ. Ó ti mọ́ ọn lára."

"Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Tírélà bú ramúramù, ó fi imú lé òkè. Ìyá Èéfín yọjú wo dígí: àwọsánmà dúdú kan ń tú jáde lẹ́yìn wọn, bí aṣọ tí wọ́n ń ká láti inú àpótí. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá Ìwé wà lẹ́yìn wa!" ló ké. Àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé tó sá kúrò ní kíláàsì.

Òkè kìíní, òkè kejì, òkè kẹta. Ní òkè kẹrin, èéfín náà ti di aláwọ̀ eérú. Nígbà tó fi di wákàtí kan àti ààbọ̀, kò ju bí ẹni tó mí sí dígí lọ. Wọ́n já ìyẹ̀fun sílẹ̀, oníbúrẹ́dì fún wọn ní búrẹ́dì gbígbóná kan, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ tírélà, wọ́n ń já a jẹ.

"Tó bá já lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Mi ò lè sọ pé kò níí já. Ohun tí ẹ̀rọ bá wí ni mo máa kọ." Ó já búrẹ́dì díẹ̀ sẹ́nu. "Ṣùgbọ́n inú mi á bàjẹ́."

"Ìyẹn náà tó mi," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó fún un ní àárín búrẹ́dì náà, ibi tó rọ̀ jù.

Ọjọ́ Ajé dé, tírélà aláwọ̀ ewé wọlé, ìyá awakọ̀ sì jókòó níwájú bí adájọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọmọge náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni Ìyá Èéfín? Àgbàlagbà ni mo ń retí."

"Ẹ káàárọ̀, mà." Ó tẹ eékún.

"Ìyẹ̀fun aago márùn-ún ló ń dé aago mẹ́sàn-án fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníbúrẹ́dì bú mi bú ìran mi. Mo ní, ta ló ṣe ọmọ mi léèdì yìí? Áà. Mo ti rí i."

Ìyá Èéfín gbé fọ́ọ̀mù. Lójoojúmọ́ ló ń kún un láìwò ó, nọ́ńbà ọkọ̀, irú ẹ́ńjìn, orúkọ ọlọ́kọ̀. Ní ìlà kẹsàn-án ni kálámù rẹ̀ ti dúró. *Ǹjẹ́ ìbátan kankan wà láàrin olùyẹ̀wò àti ọlọ́kọ̀ tàbí awakọ̀?* Bó bá mú "Rárá," òun ni yóò yẹ ọkọ̀ náà wò, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni yóò ní kí wọ́n fún un níná. Bó bá mú "Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá Ìwé fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà sì ni tirẹ̀, èyí tó burú jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa ń kọ sílẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé tírélà kì í rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ Bàbá Ìwé.

Ó wo Jẹ́jẹ́ tó ń fi aṣọ nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó mú "Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá Ìwé gbé awò sójú. Ó ka ìlà kẹsàn-án. Ó ti ọ̀pá bọ sàlẹ́ńsà títí ó fi kan ojú àmì. "Iná!" Ẹ̀ẹ̀kan. "Iná!" Ẹ̀ẹ̀kejì. Ìyá Èéfín kọjú sí ògiri, ó ń fi ìka kà á. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, màmá Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú láìmọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹfà. Ẹ̀rọ yọ ahọ́n.

"Èyí tó burú jù," ni Bàbá Ìwé kà, "mẹ́rìndínlógójì. Ó yege."

Ariwo sọ lórí ìlà. Màmá fò mọ́ ọmọge lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìwé gbé òǹtẹ̀ dání, kò lù ú.

"Àyè kan ṣófo," ló wí. "'Irú ìbátan.' Fọ́ọ̀mù kì í gba òfo. Ẹ̀gbọ́n ni? Àbúrò ni? Láìsí èyí, ìwé yìí ò lè jáde."

"Kò... kò tíì ní orúkọ, sà," ni Ìyá Èéfín wí.

"Kó yára ní in. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló ń dúró."

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó gba kálámù. Ó tẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, ó ń kọ ọ́ lọ, àyè kò gbà á, ó ya sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bàbá Ìwé gbà á, ó fi ohùn iṣẹ́ ìjọba kà á síta: "'Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wúkọ́ sí mi lára. Mo fẹ́ fi ṣe aya. Mò ń dúró de èsì.'" Ó yí ojú sí ọmọge náà. "Èsì ńkọ́?"

Ojú gbogbo awakọ̀ wà lára rẹ̀. Ìyá Èéfín gba kálámù, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì síbẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Bàbá Ìwé kà á sínú. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Ó ti kún," ló wí.

"Kí ló kọ?" ni onírùngbọ̀n ké láti ẹ̀yìn.

"Ó ní, 'Mo gbà,'" ni màmá Jẹ́jẹ́ tó ti na ọrùn wò ó dáhùn. "Ẹ lu òǹtẹ̀ náà jàre, ọ̀gá, ìyẹ̀fun àwọn èèyàn wà nínú ọkọ̀!"

Bàbá Ìwé lù ú: gbàà!