Gìtá Ta Ló Wà Nínú Orin Yìí?

"Ta ló ń ta gìtá yẹn?"

Bámiṣayọ̀ ò tíì bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò tó fi gbọ́ orin ara rẹ̀ nínú sípíkà. Orin rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Tàófíìkì, tó ń gba orin sílẹ̀ fún wọn, sáré dá a dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó wo Mùbárákù, onílù ẹgbẹ́. Mùbárákù wolẹ̀.

"Mo ní ta ni?"

"Kai, Bámi, jókòó ná," Mùbárákù wí.

"Mi ò jókòó."

Ọdún mọ́kànlá rèé tí òun àti Mùbárákù dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì yìí sílẹ̀ ní àdúgbò Karmo, nínú yàrá kan tí àwọn aládùúgbò kì í yé kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ariwo. Akọrin mẹ́ta ti wá, wọ́n ti lọ. Ẹni tó ń ta gìtá báàsì ti di pásítọ̀ ní Kàbà. Àwo méjì ni wọ́n ti ṣe, gìtá Bámiṣayọ̀ ló sì gbé méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn wọn ò mọ orúkọ ẹlòmíì. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni alumíníọ́mù gé e ní ìka ọwọ́ òsì, níbi tó ti ń ṣe fèrèsé ní Idu. Gbogbo ẹni tó bi í ló dá lóhùn pé ó ti jinná.

Ilẹ̀kùn yàrá inú ṣí. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù dúdú yọ, gìtá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Gàníyátù nìyẹn," Mùbárákù wí. "Ọmọ Ìlọrin ni, Orozo ló ń gbé. Kò sí orin wa tí kò mọ̀."

"Orin yín ni mo fi kọ́ gìtá, sà," ọmọbìnrin náà wí. "Wọ́n ní ẹ mọ̀ pé mò ń bọ̀."

Bámiṣayọ̀ yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mùbárákù, ṣé mo mọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti sún ọjọ́ síwájú! Lónìí, inú ń run ẹ́. Lọ́la, iná ò sí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwo yìí máa jáde. Kí ni kí n ṣe?" Ó fà á lápá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Orúkọ tìẹ la máa kọ síbẹ̀, bó ṣe máa ń wà. Ọmọ yẹn ti gbà."

Yàrá ọ̀hún kéré. Gàníyátù gbọ́ ọ.

"Ṣé lóòótọ́ lo gbà?" Bámiṣayọ̀ bi í.

Gàníyátù ń fi àtàǹpàkò pa okùn gìtá mọ́lẹ̀, kò gbójú sókè. "Wọ́n ní àwọn èèyàn ò ní gba ẹlòmíì, sà. Mo ní kò burú."

Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ó burú.

"Gbé gìtá yẹn wá," Bámiṣayọ̀ wí.

Ó wọ yàrá inú lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Tàófíìkì tan orin. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Mùbárákù tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ìgbà tó dé ibi tí gìtá ti máa ń dá sọ̀rọ̀, ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín kọ̀, kò tẹ̀. Ohùn náà kú sọ́nà.

"Tún un tàn."

Ó kú síbẹ̀ náà. Wọ́n tún un tàn lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Òógùn ń já bọ́ sórí gìtá. Dókítà ti sọ fún un tipẹ́tipẹ́ pé iṣan tó já yẹn ò ní ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnì kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹfà, Mùbárákù kẹ̀yìn sí gíláàsì tó wà láàárín yàrá méjèèjì. Gàníyátù nìkan ló ṣì ń wò ó, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń bá a ka orin náà bí ẹni tó ń gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bámiṣayọ̀ yọ gìtá lọ́rùn. Ó jáde.

"Bámi, mo ti sọ fún ẹ," Mùbárákù wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ká lo tiẹ̀, ká kọ orúkọ ẹ. Ta ló máa mọ̀?"

Ó rò ó. Irọ́ ni tí ó bá sọ pé kò wù ú. Àwọn èèyàn á máa pè é, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ tún ti dùn sí i. Àwọn mẹ́rin yìí nìkan ló máa mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn á wà nínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan, á gbọ́ orin náà, ẹni tó jókòó tì í á sì sọ fún un pé ọkùnrin kan báyìí ló ta gìtá yẹn.

"Kí lorúkọ bàbá ẹ?" ó bi Gàníyátù.

"Àbdùlràhmọ̀n, sà."

"Tàófíìkì, kọ ọ́. Gàníyátù Àbdùlràhmọ̀n ló ta gìtá. Kọ pé èmi ni mo ṣe orin."

Mùbárákù gbé ọwọ́ lérí. "Wọ́n máa bi wá pé ìwọ ńkọ́!"

"Sọ fún wọn pé ìka mi ò jinná. Kò sì ní jinná."

Mùbárákù fi ìdí wá sípíkà, ó jókòó lé e. "O ò sọ fún mi," ó wí. "Ọdún mọ́kànlá, Bámi."

"Màá padà wá, ká sọ ọ́. Ẹnì kan wà tó yẹ kó ti gbọ́ ọ ṣáájú ẹ."

Ó bọ́ sí ìta, ó dúró lábẹ́ òjìji ògiri, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá Fìyìn, ṣé ẹ ti gba orin yẹn sílẹ̀ tán?" Bùkúnmi bèèrè. Ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀.

"Wọ́n ti gbà á sílẹ̀," Bámiṣayọ̀ wí. "Èmi kọ́ ni mo ta gìtá rẹ̀. Bùkúnmi, wá ibì kan jókòó sí, kí n bá ẹ sọ̀rọ̀."