Orúkọ Tí A Fẹ́ Kọ Sára Òkúta Shiloh

Ẹ̀rọ tí mo fi ń fọ ilẹ̀ láíbìrì ní Peckham láràárọ̀ máa ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òkú tó wà ní itẹ́ òkú Nunhead fi ń yí ẹ̀gbẹ́ padà. Èmi Làtíìfù ni mo ń tì í. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Ìsẹ́yìn kí n tó sá kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ìwé yẹn, ẹ ó rò pé èmi ni mo kọ ìdajì wọn. Ẹnu yìí náà ló tì mí wọ ọ̀ràn Mọ́mì Lois.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni Mọ́mì Lois, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, láti Kàròláínà. Ọkọ wọn, Bàbá Adéoyè tó ti dolóògbé, ló mú wọn wá sí London nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, òun ló sì kọ́ wọn ní Yorùbá títí wọ́n fi lè fi bú mi dáadáa. Ilé wọn ní North Peckham, kí káńsù tó wó o, ni mo sùn sí fún oṣù mẹ́jọ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Kò sí ohun tí wọ́n lè ní kí n ṣe tí n kò ní ṣe.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, àbúrò wọn kan ṣoṣo, Shiloh, tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kú. Bíbélì bàbá wọn wà lọ́wọ́ Shiloh, wọ́n sì kọ orúkọ àti ọdún ìbí ìran wọn sẹ́yìn rẹ̀, láti orí bàbá wọn lọ sókè, títí ó fi dé orí ẹnì kan tó ń jẹ́ Malachi Màkìréè. Ibẹ̀ ló parí sí. Bàbá wọn a máa sọ pé òyìnbó Skọ́tíláǹdì kan tó wọkọ̀ ojú omi lọ tẹ̀dó sí Kàròláínà, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni ín, ni orírun àwọn. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ìbùsùn àìsàn ni Shiloh wà tó ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, ta ló bí Malachi? Mọ́mì Lois wá ṣèlérí fún un pé orúkọ baba ńlá náà yóò wà lára òkúta ibojì rẹ̀.

"Màá bá yín wá a," ni mo wí. "Kọ̀ǹpútà láíbìrì yẹn, èmi ni mo ń nu ojú rẹ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀ kó fi nǹkan pa mọ́ fún mi."

"Làtíìfù, ìwọ tí o wá bàtà rẹ níjọ́sí, tó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ?"

"Bàtà ò ní orúkọ ìdílé, Mọ́mì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹjú mọ́ nǹkan yẹn, ojú mi kù díẹ̀ kó já bọ́ sórí tábìlì. Mo rí ọkùnrin náà. Dọ́nkàn Màkìréè ni. Ọdún 1739 ló kúrò ní Skọ́tíláǹdì, ọdún 1771 ló kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn kan jókòó, wọ́n kọ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ sórí ìwé. Bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé ìwé náà wá, lẹ́tà ibẹ̀ dà bí ìgbà tí èèrà bọ́ sínú yíǹkì tó wá ń rìn lọ sílé. Ṣùgbọ́n mo rí i kà: màlúù mọ́kànlá, abo ẹṣin kan, àga mẹ́rin, Malachi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọjọ́ orí náà bá ti inú Bíbélì mu rẹ́gí.

Kí ni kí n tún máa wá? Nígbà tí bàbá wa kú ní Ìsẹ́yìn, ààfáà jókòó sórí ẹní, ó kọ ẹrù bàbá, ó kọ àwọn ọmọ tí yóò pín in, orí ìwé kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀ sí. Orúkọ tèmi wà níbẹ̀, kò jìnnà sí kẹ̀kẹ́ bàbá. Mo tẹ ojú ewé náà jáde, mo sá gba Rye Lane lọ bí ẹni tí ajá mẹ́rìndínlógún ń lé.

Mo ti mú ìró onílà gàdàgàdà ti ìyàwó mi dání. Mo ró o mọ́ orúnkún bí àwọn ọkùnrin Skọ́tíláǹdì ṣe ń ró tiwọn, mo dúró sí àárín kíṣìnnì Mọ́mì Lois, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ki baba ńlá wọn:

"Dọ́nkàn ọmọ Màkìréè! Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ Skọ́tíláǹdì, ó fi ìkejì tẹ Kàròláínà, òkun gba abẹ́ itan rẹ̀ kọjá, kò tutù dé orúnkún!"

Mọ́mì Lois rẹ́rìn-ín títí tíì ọwọ́ wọn fi dà sí wọn lára. Wọn kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin Shiloh. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pe ọkùnrin tó ń gbẹ́ òkúta ní Old Kent Road pé kó kọ ọ́ báyìí: Shiloh, ọmọ ìran Dọ́nkàn Màkìréè. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ lòun yóò fi irin kàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, Hàlímọ̀tù ìyàwó mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ló mú ìwé náà. Nọ́ọ̀sì ni ní Lewisham. Kì í fún ènìyàn lóògùn láìka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ni ìyàwó ọkùnrin yìí?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ńkọ́?"

"Malachi nìyẹn."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Bàbá Basit, níbo ni ààfáà kọ ẹ̀yin ọmọ sí?"

"Nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹrù tán."

"Ẹrù ò tíì tán níbí. Àga ló wà lókè Malachi. Ìkòkò irin ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ewé kejì dà?"

N kò tẹ ojú ewé kejì. Eré ni mo ti bẹ́ sí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo ṣí i. Ìyàwó Dọ́nkàn wà níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wà níbẹ̀, wọ́n ń pín ogún. Ìyàwó gba abo ẹṣin. Ẹ̀gbọ́n gba ilẹ̀. Àbúrò gba àga mẹ́rin, ìkòkò irin kan, àti Malachi.

Ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ ń ké lẹ́yìn mi, n kò rántí pa á. Malachi kò jogún. Malachi ni wọ́n jogún.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n panu mọ́. Ní agbo ilé wa, Bàbá Ajíbóyè wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹrú tí wọ́n rà ni ìyá ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́, ewúrẹ́ ni yóò fi tọrọ àforíjì, nítorí ọmọ ilé ni Bàbá Ajíbóyè, orúkọ wa ló ń jẹ́, ó bá wa pín ogún. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti pín ènìyàn mọ́ ìkòkò, orúkọ tí wọ́n fún un kò sọ ọ́ di ọmọ ilé. Àti pé irọ́ tí mo bá fẹnu pa, afẹ́fẹ́ Peckham á gbé e lọ. Ti òkúta, òjò kò ní lè fọ̀ ọ́.

Mo lọ bá Mọ́mì Lois. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo máa ń fò wọlé. Mo ka ojú ewé méjèèjì fún wọn láìfi iyọ̀ sí i.

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n fi ìka wá orúkọ náà.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì." Mo fẹ́ rí nǹkan kan fi tù wọ́n nínú. "Ó lè jẹ́ pé Dọ́nkàn náà ló bí i."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ó bí i, wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ ìkòkò." Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án bí ẹni ń na aṣọ. "Shiloh bi mí. Mi ò lè tan án jẹ nínú ilẹ̀. Dìde, Làtíìfù. Ìwọ lo mọ oríkì kì. Ki Malachi, kí n gbọ́."

Mo dìde. Èmi tí mo ki Dọ́nkàn láìmí, mo ní, "Malachi, ọmọ…" ibẹ̀ ni mo há sí. N kò mọ bàbá, n kò mọ ìlú, n kò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ tàbí odò tí wọ́n ti ń pọn omi. Mo wá irọ́ kan nínú mi, n kò rí.

"Ó ní ìyá," ni Mọ́mì Lois wí. "Ẹnì kan ló gbé e pọ̀n."

"Malachi, ọmọ ìyá rẹ̀," ni mo wí.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe ọkùnrin Old Kent Road, wọ́n ní kó pa orúkọ Dọ́nkàn rẹ́, kó kọ Shiloh, ọmọ ìran Malachi, ọmọ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, ṣé wọn kò gbàgbé nǹkan ni? Ó ní ó yẹ kí orúkọ ìyá náà tẹ̀ lé e, àyè ṣì wà nísàlẹ̀.

"Mo mọ̀ pé àyè wà," ni Mọ́mì Lois dá a lóhùn. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."