Kọ́bọ́ọ̀dù Tí Ọkọ Mi Kàn fún Ejò

Ejò mẹ́ta ló wà nílé wa ní Ijapo Estate, ní Àkúrẹ́, nígbà tí mo wà nínú oyún. Òjòlá ni gbogbo wọn. Ọkọ mi, Ọlábọ̀dé, ló ń sìn wọ́n bí ẹlòmíràn ṣe ń sin ajá. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Bóyá ìyẹn ló mú un fi oyè ọ́fíìsì sọ àwọn ejò náà lórúkọ. Èyí tó sanra jù, tí kì í ṣe ju kó jẹun kó sùn lọ, ló ń pè ní Dáírẹ́kítọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Akọ̀wé Àgbà. Tín-ín-rín inú wọn, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ni Mẹ́sẹ́ńjà. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á lọ dúró níwájú wọn.

"Dáírẹ́kítọ̀, kí lẹ ṣe lónìí?"

Dáírẹ́kítọ̀ ò ní mira. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Inú abọ́ rọ́bà onídèérí ni wọ́n ń gbé, òkúta la sì fi ń tẹ ìdérí náà. Èmi ò bá wọn jà. Wọn ò ní oró, eku ò sì gbọdọ̀ ya ilé wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ ro ọkà, mo ṣí ìkòkò, Dáírẹ́kítọ̀ ló ká jọ sínú rẹ̀ bí òṣùká. Oyún tó wà níkùn mi kò jẹ́ kí n lè sáré. Mo kàn fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, mo ń pariwo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni màmá mi pè láti Oǹdó pé òun ti ń di ẹrù sílẹ̀, pé bí mo bá ti bímọ báyìí, òun ń bọ̀ wá wẹ ọmọ.

Màmá mi, Ìyá Agnes ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù láyé yìí bí ejò. Ó rí ọ̀kan rí nínú oko kòkó bàbá mi, láti ọjọ́ náà ni kò ti tẹ oko yẹn mọ́ títí bàbá mi fi kú. Bó bá rí okùn nílẹ̀, á kọ́kọ́ ju òkúta lù ú kó tó kọjá.

Mo ní kí ọkọ mi jókòó.

"Ọkọ mi, ẹ gbọ́ o. Bí màmá mi bá fojú kan ejò kan péré nínú ilé yìí, èmi àti ọmọ á tẹ̀ lé e lọ sí Oǹdó, a ò sì ní padà."

"Ṣé kí n wá gbé wọn jù nù ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọn ò ti ní jáde fún wọn."

Ní òótọ́, mi ò fẹ́ lọ sí Oǹdó. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, Arakale ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ bí màá ṣe gbé e mì padà.

Ọkọ mi ra pákó afàrà, ó ra ìsó àti nẹ́ẹ̀tì, ó ní òun á kan kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin, irú èyí tí a ń fà jáde bíi ti tábìlì ọ́fíìsì, kí ejò kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Kò di ayùn mú rí. Ó wọn pákó, ó tún un wọn, ó gé e débi pé afẹ́fẹ́ pàápàá kò lè gba àárín wọn kọjá. Ó ń yangàn pé òun ti ju káfíńtà lọ. Ó gbé Akọ̀wé Àgbà sínú dúrọ́ọ̀ kan láti fi dán an wò, ó tì í wọlé. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, pákó wú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dúrọ́ọ̀ kọ̀, kò jáde. Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á títí, ìdí ló fi lélẹ̀.

Mo lọ bẹ Akíntóyè, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó gbé ìrándà tó fi ń fá pákó wá. Ó wo iṣẹ́ náà, ó mi orí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ so pákó yìí pọ̀ ní ìgbéyàwó ni? Ẹ jẹ́ kó ráyè mí díẹ̀! Kí ló tiẹ̀ wà nínú rẹ̀?"

"Akọ̀wé Àgbà ni," ni ọkọ mi wí.

Akíntóyè rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì á fi ẹ̀rín pa èèyàn. Ó fá etí pákó, ó fi àbẹ́là pa á lára, ó rọra fa dúrọ́ọ̀ náà. Bí dúrọ́ọ̀ ṣe jáde ni Akíntóyè náà jáde, ojú fèrèsé ló gbà. Ìrándà rẹ̀ kù sọ́dọ̀ wa.

Ọkọ mi fi ìrándà yẹn parí iṣẹ́. Ká má parọ́, ó dára. Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, ó fi gílóòbù kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀ kó máa móoru, nítorí òjòlá kò fẹ́ òtútù. Ó kun ún lọ́dà títí ó fi ń dán, ó fi ìkọ́ sí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ejò mẹ́ta wọ ìsàlẹ̀. Ti òkè pátápátá ṣófo. Ó ní ti Kọmíṣánnà nìyẹn, ìgbà tó bá dé. A gbé e sí yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Kò pẹ́ tí mo fi bí Olúgbémiga, màmá mi sì dé.

Apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ ló rù wá, èyí tó fẹ́ máa fi se ọbẹ̀ ata fún mi. Ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí, ló bá kan kọ́bọ́ọ̀dù. A kàn gbọ́ tó kígbe. Ọkọ mi sáré, èmi náà gbá ọmọ mọ́ àyà, mo tẹ̀ lé e.

Màmá ló dúró síbẹ̀, tó ti fa dúrọ́ọ̀ òkè jáde. Ó fọwọ́ pa nẹ́ẹ̀tì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó móoru. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Monílọ́lá, wá wo ohun tí ọkọ rẹ ṣe fún mi! Kọ́bọ́ọ̀dù ẹja!"

Ìgbà náà ni mo rántí. Bàbá mi kan irú rẹ̀ fún un ní Oǹdó nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra: ó ní nẹ́ẹ̀tì kí eṣinṣin má baà wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló sì ń gbé kí ẹja má baà rọ̀. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni ikán jẹ ẹ́. Kò sí ìgbà tí màmá mi bá pè wá lórí fóònù tí kì í dárò rẹ̀, tí kì í sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ẹja.

Ọkọ mi la ẹnu. Màmá ti gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Àna mi, wàá gbéga lẹ́nu iṣẹ́! Àwọn tó jókòó lé ọ lórí á dìde!"

Ta ló fẹ́ sọ fún àna rẹ̀ pé, ẹ kúrò níbẹ̀, kì í ṣe tiyín? Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àmín, Màmá!" Àmín yẹn dún ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Ti ìsàlẹ̀ wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ọ̀dà inú wọn ò tíì gbẹ, Màmá. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn wọ́n."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí màmá bá ti dìde báyìí, ọkọ mi á ti fò dìde. "Màmá, ẹ jókòó, ẹja mélòó lẹ fẹ́?" Màmá á máa yìn ín fún àwọn aládùúgbò. Ó tún ní láti ìgbà tí òun ti dé, òun ò rí eku kan, pé kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi náà máa ń lé eku bẹ́ẹ̀.

A rò pé á kúkú lọ, tí ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Àfi lọ́jọ́ tó fẹ́ máa lọ, tí ọkọ mi ti lọ sí ibi iṣẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ní ọ̀rẹ́ òun, Moríyọ̀, ló bá òun rán an, pé kọ́bọ́ọ̀dù òun ló wá gbé.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá Gbémiga dé ná, Màmá."

"Kó dé kó wá ṣe kí ni? Ṣé kì í ṣe tèmi ni?"

Àwọn ọkùnrin méjì ti gbé e. "Ìyá, ó wúwo o!"

"Iṣẹ́ gidi ni," ni màmá mi wí.

Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti fẹnu ara mi sọ pé Oǹdó ni màá lọ. Bí mi ò bá sì sọ, Oǹdó náà ni ejò ń lọ yìí. Mo pọn ọmọ, mo ní mo fẹ́ sin màmá dé ilé, mo wọ ọkọ̀, mo pe ọkọ mi.

"Má jẹ́ kí wọ́n ṣí i!" ló wí. "Mo ń gun ọ̀kadà bọ̀!"

Ní Oǹdó, Moríyọ̀ àti àwọn ìyá ìjọ ti kún pálọ̀. Màmá fa dúrọ́ọ̀ òkè, ẹja gbẹ kókó, wọ́n ní, "Háà, Ìyá Agnes, ẹ ti rí àna!" Orí màmá wú.

"Ti ìsàlẹ̀ náà á ti gbẹ wàyí."

"Màmá, ẹ dúró!"

Ó ti fà á. Dáírẹ́kítọ̀ yọ orí jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Moríyọ̀ ló kọ́kọ́ dé ìta, gèlè rẹ̀ kò bá a lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, pálọ̀ ti dá wáí. Màmá mi nìkan ló kù, orí àga ló wà, ó wọ́ ìró sókè.

Bí ọkọ mi ṣe já wọlé nìyẹn, eruku bò ó. Bó ti rí àna rẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ̀bálẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ ti dé ilẹ̀. Imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ọlábọ̀dé, kí lèyí?"

"Dáírẹ́kítọ̀ ni, Màmá."

Màmá wò ó, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "O ò kàn án fún mi, àbí?"

Ọkọ mi ò tíì dìde. Mo mọ bí ìsó àti ọ̀dà ṣe fìyà jẹ ọwọ́ rẹ̀ nítorí nǹkan náà. Ó gbé orí sókè díẹ̀.

"Tiyín ni, Màmá. Àwọn yìí kàn ń bá yín ṣọ́ ọ ni."

Màmá na ọrùn láti orí àga wo inú dúrọ́ọ̀ òkè bóyá ẹja rẹ̀ pé. Ó pé. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ náà mọ̀?"

"Màmá, mo ti sọ pé bí ẹ bá rí wọn, èmi àti ọmọ á wá máa bá yín gbé."

"Bá ta ni gbé? Ìwọ tó ń wò mí níran tí mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójoojúmọ́? Gbé ọmọ rẹ, kó o máa tẹ̀ lé ọkọ rẹ. Ẹ yẹ ara yín!"

Mi ò dúró kó tún un sọ. Apẹ̀rẹ̀ ẹja la kó àwọn ejò sí. Màmá ò sọ̀kalẹ̀ títí a fi so ó, ṣùgbọ́n ó ní kí n mú ẹja mẹ́ta lọ fún Dáírẹ́kítọ̀.

"Òjòlá kì í jẹ ẹja, Màmá," ni ọkọ mi wí.

"Kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ẹja lé lórí tí kò tọ́ ọ wò! Ẹ tọ́jú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wá kí mi mọ́."

Abọ́ rọ́bà la padà sí ní Àkúrẹ́, títí ọkọ mi fi tún ra pákó. Mo ránṣẹ́ sí Akíntóyè pé kó wá ràn wá lọ́wọ́, kó sì wá mú ìrándà rẹ̀. Ó ní kí a máa lò ó lọ, pé òun ti ra òmíràn.