Ìborùn Tó Di Ọ̀já

Kàfí kò lè ju ìborùn aláwọ̀ ewé yẹn nù. Ọdún mẹ́fà ti kọjá, ó ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ṣá, síbẹ̀ tó bá ti fi kan imú, èéfín ló ń gbọ́. Ni àárò Mummy Lin á bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Mummy Lin ni ìyá arúgbó ará Ṣáínà tí Kàfí ń tọ́jú ní Thamesmead nílẹ̀ Òyìnbó, lájà kẹrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu yẹn, háà, kò sinmi! Bí Kàfí bá ti ń fún un lóúnjẹ, á máa sọ̀tàn àwọn obìnrin ilẹ̀ wọn tó jagun tí ọkùnrin ò lè jà. Jinguo yingxiong ni wọ́n ń pè wọ́n, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni akọni tó wé ìborùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 2013, iná sọ ní ilé ìsàlẹ̀. Èéfín gba àtẹ̀gùn, lífíìtì kú. Òfin iṣẹ́ Kàfí sì le: ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ gbé aláìsàn. Ẹni tó bá gbé e, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

"Máa lọ," ni Mummy Lin wí. "O lọ́mọ nílé."

"Kí lẹ̀ ń sọ, Mummy? Kí n fi yín sílẹ̀ fún iná? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ìyá tó bí Kàfí ló sọ sí i lọ́kàn, bó ṣe pọ̀n ọ́n láti oko dé ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ tí ejò bù ú jẹ, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń sọ pé ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Kàfí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí Mummy Lin dì mọ́ òun lẹ́yìn. Ọ̀já dà? Kò sí. Ìborùn orí rẹ̀ nìkan ló wà, bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún méjìlá, ọkùnrin ìta kankan ò rí irun rẹ̀ rí. Ó fà á tu, ó fi gbá màmá mọ́ra pinpin.

Àjà mẹ́rin! Ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ikọ́ fẹ́ẹ̀ pa á. Nígbà tí wọ́n máa jáde, gbogbo àdúgbò ti pé síta, wọ́n gbé fóònù sókè. Ojú ti Kàfí débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kò lè bo orí, torí ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá ìdí màmá mú.

"Jinguo yingxiong," ni Mummy Lin ń sọ sí i létí.

Akọni wo, tórí ẹ̀ wà níhòòhò?

Wọ́n lé e níbi iṣẹ́ lóòótọ́, ó sì rí òmíràn. Mummy Lin náà ti kú. Èyí tí Kàfí ò lè gbàgbé ni ọwọ́ tíntìntín méjì tó nà wá látẹ̀yìn lọ́jọ́ iná yẹn, tó bo irun rẹ̀, tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí ẹnì kan fi mú aṣọ wá.