Bátìrì Ilé Àtùpà

Kò tún lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mò ń pe Ìdrís. Ọkọ mi kì í pẹ́ tó báyìí lórí omi. Aago méje ti kọjá, òjò ti ṣú dùdù láti apá Agbowa — aago márùn-ún ló ní òun máa ṣí ní Ẹ̀pẹ́, òun àti èrò mọ́kànlá…

Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti wà lọ́hùn-ún. Kò lè tíì gbọ́. Á máa wá iná Ilé Àtùpà tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ kiri.

Wùnmí, aládùúgbò mi, ló sọ ọ́ láàárọ̀: "Ìyá Mardiyah, Ilé Àtùpà ò tàn láti ìjẹta o. Àwọn olè ti tú bátìrì rẹ̀ lọ." Mo ní háà! Mo ní Ọlọ́run á mú wọn.

Ẹnu mi yìí!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò síná ní Ìgbògbò. Ẹja ń rà mọ́ mi lọ́wọ́ nínú fìríísà… Mujeeb, àbúrò mi, ló gbé bátìrì dé níjẹta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà lò ó. Ẹ má bi mí níbi tí mo ti rí i." N kò bi í. Mo rí imí ẹyẹ odò tó gbẹ mọ́ ọn lára. Mo mú kànìnkànìn, mo fọ̀ ọ́ dànù, mo so ó mọ́ ìnfátà, fìríísà tàn.

Ilé táwọn òyìnbó kọ́ láyé bàbá bàbá mi, ta ló tún ń lò ó? Àwọn tó ń ya fọ́tò… irọ́ ni! Ìdrís fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi: ọkọ̀ akóyanrìn kan rì sítòsí ibẹ̀, irin rẹ̀ lúgọ sábẹ́ omi. Iná yẹn ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń yà fún un. "Tí kò bá tàn, Rùkáyàt, àdúrà ló kù."

Mo ti yọ wáyà kan. Fìríísà ti dákẹ́. Màá yọ èkejì, màá gbé e lọ bá Bàbá Fábíyìí, olórí àwọn ọlọ́kọ̀ lébùúté, màá jẹ́wọ́. Wọ́n á mú Mujeeb… kí wọ́n mú un! Ọlọ́run, ṣáà bá mi gbé ọkọ mi dé —

Fóònù!

Òun ni. "A ti gúnlẹ̀ o. Ọlọ́run ló yọ wá, díẹ̀ báyìí ló kù ká forí sọ irin yẹn. Ọkọ̀ Adéòjó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, èrò kún inú ẹ̀." Ó ti gé e. Alhamdulillah. Alhamdulillah! Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún…

Kí ló ń kùn yẹn?

Fìríísà. Ta ló tan án?

Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ti dá wáyà padà síbi tó wà, omijé ò tíì gbẹ lójú mi.

Adéòjó… Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi gan-an jẹ nínú oúnjẹ ìsọmọlórúkọ ọmọ náà. Mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú fóònù, mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní Alhamdulillah.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kà sí ènìyàn lórí omi yẹn. Àwọn yòókù… n kò kà wọ́n kún un. Èmi Rùkáyàt. N kò kà wọ́n kún un rárá.