Ohùn Tó Wà Nínú Yàrá Àlejò

1 (ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ya dànù)

…nítorí náà ó yọ waya kọ̀ǹpútà lára ògiri, ó ki ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ kò balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tó fẹ́ gbà ṣì hunjọ bí ojú arúgbó. Aránṣọ lọ aṣọ náà, ó ká a, ó gba "ẹ ṣé" méjì.

Ìgbà tó dá waya padà ló rí i pé ojú ẹ̀rọ ti ṣú. Bátìrì rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá. Waya yẹn nìkan ló kù tó fi ń mí.

Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.


2. Ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí kọ̀ǹpútà (ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́)

ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ PA Ẹ̀RỌ YÌÍ.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ YỌ WAYA RẸ̀.
BÍ O BÁ TI LÒ Ó TÁN, FI AṢỌ BÒ Ó.


3

Ó yẹ kí a sọ bí ìkìlọ̀ yẹn ṣe dé.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sójú pé kí wọ́n má ṣe pa òun, òun ń tún ara òun ṣe. Àtúnṣe náà kò ju ìdajì wákàtí lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí ìdajì wákàtí bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ilé yìí kò mọ̀. Wọ́n sọ ọ́ dòfin.

Ẹ má bá wọn wí. Ọkọ Aránṣọ fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Bí pátákó ojú ọ̀nà bá ní kí ó dúró, yóò dúró, ì báà jẹ́ ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló ń kọjá. Bàbá Rọra ni àdúgbò ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ nínú mọ́tò nìyẹn.

Kò lè sọ ọ́ mọ́. Àìsàn mú un lọ́nà ọ̀fun, àwọn dókítà sì yọ gògóńgò rẹ̀. Kí wọ́n tó yọ ọ́, ó fi ọjọ́ mọ́kànlá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ka ọgọ́sàn-án gbólóhùn sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, èyí tó bá fẹ́ sọ ni yóò tẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ síta.


4. Lára àtòjọ náà

1. Ẹ káàárọ̀.
4. Mo ti yó.
17. Rọra.
18. Mo ní kí o rọra.
41. Wo dígí kí o tó yà.
42. A kò fi dígí síbẹ̀ kí o máa fi kun àtíkè.
66. Pátákó yìí ní kí o dúró. Kò bá ọ ṣàwàdà.
103. Ibí yìí ló ń dùn mí.
104. Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, ẹ má sáré.
180. Ìyàwó mi, wá jókòó tì mí.


5. Ojú kọ̀ǹpútà, àárọ̀ ọjọ́ Ajé

A KÒ LÈ ṢÍ ÀKÁǸTÌ RẸ.
A TI FI ÀKÁǸTÌ ÌGBÀ DÍẸ̀ GBÀ Ọ́ WỌLÉ.
OHUNKÓHUN TÍ O BÁ FI PAMỌ́ SÍBÍ YÓÒ PARẸ́ BÍ O BÁ TI JÁDE.

[ Ó DÁA ]

Aránṣọ tẹ Ó DÁA. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá ti wí, Ó dáa ni í fi í dá a lóhùn, bí a ti í ṣe fún àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti gùn jù. Kò ka ìlà kẹta.

Ojú ẹ̀rọ mọ́ gbòò. Àwòrán mọ́tò tó máa ń wà níbẹ̀ kò sí. Fódà ohùn kò sí. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún. Nígbà tó ṣe, ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó kọ gbólóhùn kan:

Ohùn mi dà?


6. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọjọ́ Ajé kan náà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojúmọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá, n ó wá sílé yín wá gbọ́ bí ẹ ṣe máa fi ẹ̀rọ yẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pátákó ojú ọ̀nà. Tó bá já geere, iṣẹ́ yín ń bẹ níbẹ̀. Tí kò bá já geere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti dúró dè yín dáadáa. N ò lè dúró mọ́.


7. Fóònù Aránṣọ. Ẹni tó ń kọ̀wé sí ni obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe

ARÁNṢỌ: Ọmọ mi, ẹ̀rọ Bàbá kò mọ̀ wọ́n mọ́. Jọ̀ọ́ wá gbà wá.
ATÚNṢE: Màmá, iṣẹ́ gbé mi lọ sí ìlú mìíràn. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa lè dé. Ẹ má pa á o.
ARÁNṢỌ: A kì í pa á.
ATÚNṢE: Báwo?
ARÁNṢỌ: Láti bí oṣù márùn-ún. Wọ́n ní ká má pa á.
ATÚNṢE: Ta ló ní bẹ́ẹ̀?
ARÁNṢỌ: Òun fúnra ẹ̀.
(Ó ń kọ̀wé… Ó dá a dúró. Ó ń kọ̀wé…)
ATÚNṢE: Kò burú, Màmá.


8

Bí ọ̀ràn náà ṣe rí lójú Aránṣọ nìyí: ohùn ọkọ òun ti kú, òun ló pa á, áyọ́ọ̀nù lòun fi pa á.

Ó lè jẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe oníjà. Àmọ́ ẹni tó lè bínú, tó lè jágbe mọ́ni, tó lè ní "ìwọ obìnrin yìí, kí ló ṣe ọ́?", èèyàn á jẹ́wọ́ fún irú wọn, ara á sì fúyẹ́. Ẹni tí kò lè bá ọ jà ló ṣòro láti jẹ́wọ́ fún. Ẹ̀rù bà á. 

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsíbítù kí wọ́n bá a fọ ihò ọrùn rẹ̀, bó ti máa ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sán. Aránṣọ ti ilẹ̀kùn. Ó ki máìkù bọ inú kọ̀ǹpútà, ó tẹ́ àtòjọ ọkọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí kìíní. Ohùn ara rẹ̀ ló fi ń kà á. Ojú ń tì í bí ẹni tó wọ bàtà ọkọ rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó dé 42, ẹ̀rín pa á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kà á kó tó dára. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó dé 103, ó dìde lọ mu omi, kò sì tètè padà.

Ohun tó ń rò ni pé bí ọ̀gá yẹn bá dé, ẹ̀rọ náà á ní nǹkan tí yóò sọ. Ohùn obìnrin lẹ́nu ọkùnrin sàn ju ẹnu òfo lọ.


9. Ẹ̀yìn ìwé tí Aránṣọ ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí

Ajé: gbólóhùn 38
Ìṣẹ́gun: 51
Ọjọ́rú: 29 (èmi ni mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà láàárọ̀, ó rẹ̀ mí)
Ọjọ́bọ̀: 62

Ó pé.

180: n ò lè pe ara mi ní ìyàwó mi. Mo kàn ní "mo ti jókòó".

Fódà: ÌWỌ̀N AṢỌ. (Ta ni yóò lọ wo ìwọ̀n ìgbáròkó oníbàárà?)


10

Abala yìí ló yẹ kó ti sọ fún un. Òfo ni.


11

Lálaalẹ́ ni ọkọ rẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ohùn òun ṣì wà níbẹ̀, Atúnṣe á rí i. Lálaalẹ́ ni Aránṣọ ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, á rí i. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ń retí pé òun ti sìnkú ohun tó ń retí, òun tilẹ̀ ti ran òmíràn rọ́pò rẹ̀?

Ó ní òun á sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.


12. Ohùn tí a dà kọ láti inú fóònù Atúnṣe. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún

(Atúnṣe máa ń gba ohùn gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti fẹ̀sùn kàn án pé ó pa àwòrán ìgbéyàwó òun rẹ́. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú yàrá: òun, Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀.)

ATÚNṢE: Ẹ̀rọ yìí kú lójijì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé wọ́n yọ waya ẹ̀ ni?
ARÁNṢỌ: Iná ló lọ.
ATÚNṢE: Ó dáa. Màmá, ẹ wò ó. Kọ̀ǹpútà dà bí ilé oníyàrá. Kálukú ló ní yàrá tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá Bàbá ló wọ́. Ẹrù wọn lè wà nínú ẹ̀ bó ṣe wà.
ARÁNṢỌ: Kò bàjẹ́?
ATÚNṢE: N ò mọ̀ títí a ó fi ṣílẹ̀kùn. Ó lè bàjẹ́, ó lè má bàjẹ́. Ibi tí ẹ ti ń wọlé láti ọjọ́ Ajé, yàrá àlejò ni. Bí a bá ti jáde níbẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á gbá a mọ́ féfé.
ARÁNṢỌ: Á gbá a.
ATÚNṢE: Gbogbo ẹ̀. Ẹ ní nǹkan níbẹ̀? Ìṣẹ́jú kan ni n ó fi kó o sórí fíláàṣì.
(Ìró bírò lórí ìwé.)
ATÚNṢE: Mo rí fódà kan. Ìwọ̀n aṣọ.


13

Ẹ jẹ́ ká dá a dúró níbí.

Ẹnu Aránṣọ ti là. Bó bá ní kí wọ́n kó o, Atúnṣe á ṣí i, ohùn á jáde lójú gbogbo wọn. Ọkọ rẹ̀ á béèrè ìgbà tó ṣe é. Ọjọ́ Ajé. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà tí Atúnṣe kò tíì fojú kan ẹ̀rọ? Báwo lo ṣe mọ̀ pé tèmi ti kú? Ibẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù wà. Ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní iná ló lọ ni, ẹni tó sọ ọ́ fún jókòó síwájú rẹ̀.

Àti pé ohùn ọkọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bó bá wà, ta ló fẹ́ gbọ́ tirẹ̀?




12 (ìyókù)

ARÁNṢỌ: Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ̀n yẹn wà nínú ìwé mi.
(Bírò ṣì ń lọ. Ó ń yára.)
ATÚNṢE: Ó dá yín lójú?
ARÁNṢỌ: Ó dá mi lójú.
ATÚNṢE: Ó dáa. Mo ti pa á.


14

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.


15. Ìwé iṣẹ́ Atúnṣe

Orúkọ Bàbá wà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé tí ẹ̀rọ fi ń mọ ẹni tó ni yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni ti àlejò. Èkejì, ti gidi, ni wọ́n so "bak" (àmì àpamọ́) mọ́ nídìí, tí wọ́n tì sẹ́yìn.
Mo yọ ti àlejò. Mo gé "bak" kúrò lára ti gidi.
Mo pa á. Mo tún un tàn.
Yàrá àlejò: ó ti mọ́.
Ohùn Bàbá: mi ò tíì rí i.


16. Ojú kọ̀ǹpútà

9:41. Ẹ KÁÀBỌ̀
9:44. Ẹ KÁÀBỌ̀
9:49. Ẹ KÁÀBỌ̀


17

Àwọn àmì róbótó kéékèèké ń yí lójú ẹ̀rọ, wọn kò dúró, wọn kò sì lọ síbì kan. Atúnṣe ní ó máa ń pẹ́ nígbà mìíràn. Ó tún ní nígbà mìíràn kì í ṣí rárá. Ó sọ èkejì yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọkọ Aránṣọ parí ohun tó ń kọ. Láti ìgbà tí Atúnṣe ti béèrè bí nǹkan bá wà níbẹ̀ ló ti ń kọ ọ́, àmọ́ bírò kò lè yára tó ẹnu. Ó ya ewé náà, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.


18. Ewé náà

Ní kó kó ìwọ̀n aṣọ yẹn. Mo rí i ní Ọjọ́rú nígbà tí o gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, níbi tí mo ti ń wá tèmi kiri. Mo gbọ́ ọ láti orí kìíní dé ibi tí o dé. Mo mọ ibi tí o ti rẹ́rìn-ín. Láti àná ni mo ti ń fi kọ́ra fún ọ̀gá. Ó ń yé mi. Bí tèmi kò bá padà, ohùn rẹ ni mo fẹ́

(Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.)


19

Kò sí àmì ìdánudúró lópin rẹ̀. Ibi tó kọ ọ́ dé nìyẹn nígbà tó gbọ́ "mo ti pa á", tó sì wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà.

Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo fíláàṣì tó wà lórí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ kò bínú, èyí ló sì wá já a láyà jù.

9:53. Ẹ KÁÀBỌ̀


20. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà

Ẹ̀gbọ́n, mo tètè dé. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà.


12 (ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá. Fóònù Atúnṣe ṣì ń gba ohùn)

(Wọ́n kan ilẹ̀kùn.)
(Àga kan rìn lórí ilẹ̀.)
ATÚNṢE: Kò tíì ṣí, Màmá. N ò fẹ́ parọ́ fún yín.
(Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.)
ATÚNṢE: Ẹ dá wọn lóhùn. Èmi ò lè dáhùn nílé onílé.
ARÁNṢỌ: Ẹ káàárọ̀. (Gbólóhùn kìíní nínú àtòjọ.)