Aṣọ Tún Mu Lọ́wọ́ Mi

Ojú wọn ṣe mẹ́rin ní àkókò tí kò yẹ kí ojú ẹnikẹ́ni bọ́ sínú ti ẹlòmíràn. Ilé ìránṣọ náà kún bámúbámú lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbàárà ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ń kùn lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu, àfi bí Màdáámú ṣe pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

"Ẹ wá gbọ́ ìtàn," ni Màdáámú wí. Ó gbé fóònù rẹ̀ jìnnà sójú, ó ń kà á pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. "'Ọmọdé ni mí tí mo ti mọ Àǹtí. Nígbà tí mo dàgbà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí Àǹtí láàárọ̀, kí ọwọ́ mi tó lè dúró sójú kan.' Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ọtí lẹni yìí ń pè ní Àǹtí o! Agéṣọ àgbà wa rèé, ẹni tí mo gbé gbogbo aṣọ ilé yìí lé lọ́wọ́!"

Ẹ̀rín bú. Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Òwú, bí wọ́n ṣe ń pè é nítorí pé ó ga ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, dúró sídìí tábìlì ìgéṣọ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó ń wá ojú kan, ojú kan péré, tí kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó káàkiri, kò rí. Ìgbà tó wo ẹnu ọ̀nà ló rí ọkùnrin kan tí kò rí rí, tó gbé òkìtì aṣọ léjìká. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó tààrà, ó sì rọra ṣí fìlà lórí, bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀.

Àwọn mìíràn máa ń pàdé ìfẹ́ níbi tí òdòdó wà. Òwú pàdé tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ì bá lanu kó wọlé.

Ṣùgbọ́n kí ìfẹ́ tó ráyè jókòó, ìbínú ti gba àga. Òwú yí ojú sí ẹnìkejì rẹ̀ nídìí tábìlì, Bọ́tìnì kúkúrú róbótó, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Bọ́tìnì ń wo ilẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí abẹ́rẹ́ kankan tó bọ́. Nígbà náà ló yé Òwú.

Òun ló kọ ìtàn yẹn lóòótọ́, fún ìkànnì Ẹgbẹ́ Ajáwọ́ lórí ayélujára. Àwọn tó jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́ kí ẹnu wọn má kan ọtí mọ́ ni Ajáwọ́. Inú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń pàdé, ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ gidi níbẹ̀. Wọ́n dá ìkànnì náà sílẹ̀ kí ẹni tí ojú ń tì lè rí ọ̀nà wá. Ọjọ́ ìpàdé wà níbẹ̀, ìtàn àwọn tó ti bọ́ wà níbẹ̀, àyè sì wà tí èèyàn lè ti kọ̀wé sí wọn láì sọ ẹni tóun jẹ́. Kò sí àwòrán ojú ẹnikẹ́ni. Àga òfìfo àti kẹ́tùlù tíì ni wọ́n yà síbẹ̀. Nínú ìtàn Òwú, kò sí orúkọ, kò sí àdúgbò, kò sí iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ nílé wọn. Bí àwọn ọmọ bá bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ ti ń bọ̀?" á ní, "Mo lọ kí Àǹtí." Ẹnì kan péré ni Òwú sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún níta, níbi tí wọ́n ti jọ ń gé aṣọ, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni náà ló ń wo ilẹ̀ yẹn.

Kí oòrùn tó yí, wọ́n ti lé Òwú, wọ́n sì ti fi Bọ́tìnì joyè agéṣọ àgbà.

Ó ti rìn jìnnà lójú pópó nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin onífìlà ni, ó ń sáré, ó di àlùmọ́gàjí ńlá Òwú mú ní ìdí bí ẹni tó di ẹyẹ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ọwọ́ yín sílẹ̀," ló wí.

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ jáde lẹ́nu Òwú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba irin náà.

"Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè yín," ni Onífìlà ń bá a lọ, èémí rẹ̀ ń já. "Ṣé òwú ìránṣọ ni, àbí owú tó ń jẹ obìnrin?"

"Tòní, méjèèjì ni," ni Òwú dá a lóhùn. "Ẹ kúrò lọ́nà, kí n má baà gé yín."

Kò kúrò lọ́nà. Ó sìn ín délé.

Lọ́jọ́ kejì, Òwú já wọ yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé bí ìjì. Bàbá Kẹ́tùlù, àgbà ẹgbẹ́ tó máa ń se tíì fún gbogbo èèyàn, ń to ife.

"Ìkànnì yín ló tú mi síta, Bàbá!"

Àgbàlagbà náà gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó jókòó wọ̀ọ̀. "Ọmọ mi, ẹ̀bi mi ni. Mo wò ó bóyá orúkọ wà níbẹ̀, kò sí. Mo wò ó bóyá iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀, kò sí. Àǹtí yẹn... mo rò pé àǹtí gidi ni. Mo tilẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi pé obìnrin yẹn mà fẹ́ràn ẹbí o."

"Bàbá!"

"Má bínú. Èmi ò mọ ibi tí aṣọ ti ń já, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wá máa bá wa ṣọ́ ibẹ̀."

Bí Òwú ṣe di olùtọ́jú ìkànnì nìyẹn. Nílé, ó ń rán aṣọ àwọn aládùúgbò lórí ẹ̀rọ kékeré kan. Bó bá sinmi, ó ń gé ọ̀rọ̀ àwọn Ajáwọ́ bí ẹni tó ń gé aṣọ. Ó ní ìwọ̀n kan tó fi ń wọn gbogbo ìtàn: kí ìyá tó bí ọ kà á, kó sì máa bèèrè pé ọmọ ta nìyí. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé Ọ̀gá Pátápátá lòun máa ń pe ìyàwó òun; Òwú gé e. Ẹnì kan ya àwòrán ife tíì rẹ̀ ránṣẹ́ láti fi dúpẹ́, Òwú fẹ ojú sí i, ó rí iwájú orí ẹni náà nínú omi tíì. Ó gé e. Tí ìwé bá sì wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́, á dá a lóhùn, á sì nù ún kúrò pátápátá. Òfin ẹgbẹ́ ni. Kò ní ẹ̀dà, kò sí ẹni tí wọ́n ń fi hàn.

Bó ṣe ń nu gbogbo orúkọ nù tó, orúkọ kan kò nù lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ń tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń pe Bọ́tìnì. Bó bá ń rán bọ́tìnì gidi mọ́ aṣọ, á gún un ní àgúnjù.

"Bọ́tìnì yẹn ò ṣẹ̀ ọ́ o," ni Onífìlà máa ń wí. Ó ti di ẹni tó ń yà lójoojúmọ́ báyìí, ó ti ní àga tirẹ̀ nínú yàrá náà.

"Gbogbo wọn ló ṣẹ̀ mí."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ṣì wà lórí àyẹ̀wò," ni Òwú á wí, á sì yíjú kó má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ìwé kan wọlé sí ìkànnì:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ. Èmi náà máa ń fi ọ̀mùtí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi sípò tí kì í ṣe tèmi, oorun ò kùn mí mọ́ àfi tí mo bá mu díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ti di púpọ̀. Lánàá aṣọ tún mu lọ́wọ́ mi, ọ̀gá mi ò tíì rí i. Ẹ gbà mí, ẹ jọ̀ọ́."

Òwú ka ìlà kan yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ tún mu lọ́wọ́ mi.

Nídìí tábìlì wọn láyé ijọ́sí, bí àlùmọ́gàjí bá ṣìnà tí aṣọ bàjẹ́, wọn kì í sọ pé ó bàjẹ́, kí Màdáámú má baà gbọ́. Wọ́n á ní aṣọ mu. Aṣọ ló mu, ọwọ́ wọn ò mọ nǹkan kan. Bọ́tìnì ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Èèyàn méjì péré ló ń sọ ọ́ nínú gbogbo ayé yìí, ọ̀kan nínú wọn ló sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yìí.

Òwú bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára létí. "Àǹtí ti rí ẹ!" ló ń wí fún ògiri. "Àǹtí ti dé ọ̀dọ̀ ẹ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà!"

Ó tẹ ìwé náà jáde sórí bébà. Ó sì nù ún kúrò lórí ìkànnì, nítorí pé òfin ni òfin, bí ẹni pé òfin ò rí bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dá a lóhùn. Ó fi bébà sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó kọ orúkọ oyè Màdáámú gàdàgbà sí i lára. Nígbà tí Onífìlà dé, ó nà án sí i.

"Ìwọ lo máa ń gbé aṣọ lọ síbẹ̀. Bá mi fi èyí lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́."

Onífìlà wo àpò náà. Ó wo kọ̀ǹpútà tí ojúewé Ajáwọ́ ṣì ṣí lórí rẹ̀. Ó wo ojú Òwú.

"Ṣé ọ̀rọ̀ tìẹ ló wà nínú ẹ̀, àbí ti ẹlòmíràn?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Aṣọ ni mo máa ń gbé. Èmi kì í gbé orí èèyàn. Gbé e lọ fúnra ẹ. Màá fi ọkọ̀ gbé ọ débẹ̀, àmọ́ mi ò ní wọlé."

"O wà lẹ́yìn ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà," ni Onífìlà wí, ó ti ń mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ nìyẹn."

Onífìlà wa ọkọ̀ náà lọ. Inú Òwú dùn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀. Aṣọ tó rẹwà jù ló wọ̀, ó kun ètè, bí ẹni tó ń lọ pàdé olólùfẹ́.

Ilé ìránṣọ kún bíi tọjọ́sí. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màdáámú gbójú sókè.

"Ha! Àǹtí wa ti dé!"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni Òwú wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Lẹ́tà ni mo mú wá. Ọ̀rọ̀ agéṣọ yín ló wà nínú ẹ̀." Ó ń jẹ adùn rẹ̀. "Mo ní kí n bi yín, mà. Ṣé aṣọ ò mu níbí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Aṣọ mu kín ni? Omi?" Màdáámú wo àwọn oníbàárà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orí ẹ ṣì ń dà rú. Mú un wá, jàre. Awò ojú mi dà?" Ó na ọwọ́.

Nídìí tábìlì ìgéṣọ, Bọ́tìnì ti gbọ́. Kò rí róbótó mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà lábẹ́ tábìlì, òun àti aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí etí rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń na ọrùn, ẹ̀rín ti pé sí wọn lẹ́nu, ó ku kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ojú Bọ́tìnì sá kiri láàárín wọn. Ó ń wá nǹkan. Òwú mọ ohun tó ń wá. Ojú kan, ojú kan péré, tí kò rẹ́rìn-ín.

Ojú náà wá débi ẹnu ọ̀nà, níbi tí Onífìlà ti dúró lọ́jọ́sí, ó sì bá Òwú níbẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Inú bí Òwú gan-an. Ṣé ibí yìí ló yẹ kí ẹni yìí wá wò? Ó ti múra oúnjẹ ẹ̀san ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀, ó ti bu òkèlè, òkèlè náà wá ń wò ó lójú. Ó rí i pé tí bébà yìí bá dé ọwọ́ tó nà yẹn, Màdáámú á tún gbé e jìnnà sójú, á tún fi ohùn ìròyìn ka "ẹ gbà mí, ẹ jọ̀ọ́," ẹ̀rín á sì bú, ẹ̀rín ọjọ́sí gan-an. Òun Òwú ló sì máa ti gbé e wá.

Lẹ́yìn náà ni èrò mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀san tòní kò ní ju ọjọ́ kan lọ. Òmíràn wà tó máa pẹ́.

"Mú un wá, mo ní!" ni Màdáámú wí.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà. Ẹ ti fẹ́ràn ìwé kíkà jù." Òwú gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó nà náà kọjá. "Tiyín kọ́."

Ọwọ́ Màdáámú dúró sófuurufú, oníbàárà kan sì ṣèèṣì rẹ́rìn-ín. Òwú dé ìdí tábìlì. Ó tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí Bọ́tìnì.

"Gbọ́ dáadáa. Mi ò dárí jì ọ́. Má lọ máa rò ó."

"Ta... ta ló tún ti kà á?"

"Èmi nìkan. Mo ti nù ún níbẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ló kù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn. Ojú mi lo máa kọ́kọ́ rí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ọwọ́ ẹ á fi dúró. Wàá kí mi kí o tó wọlé. Wàá sì gba tíì lọ́wọ́ mi."

Omi dà lójú Bọ́tìnì. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ tó ń gbọ̀n bí ewé, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Òwú jẹ́ kó gbọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló fi lẹ́tà náà sínú rẹ̀, ó sì pa àwọn ìka náà dé mọ́ ọn.